Anthony Trollope àti Aago Orí Tábìlì Rẹ̀

Bí a bá ń dárúkọ àwọn tí ó kọ ìwé ìtàn àròsọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ayé Ọbabìnrin Fikitóríà, Charles Dickens ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀ a ó dárúkọ Thackeray, a ó sì dárúkọ obìnrin nì tí ó fi orúkọ ọkùnrin bora, George Eliot. Anthony Trollope a máa gbẹ́yìn, bí a bá tilẹ̀ rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìtàn àròsọ 47 ni ọkùnrin yìí kọ, àwọn ará ìlú rẹ̀ sì ń du ìwé rẹ̀ kà nígbà tí ó wà láàyè. Ohun tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di yẹpẹrẹ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá kan. Ẹnu ara rẹ̀ ni. Ó sọ fún ayé bí òun ti ń ṣe iṣẹ́ òun, ayé kò sì tètè dárí rẹ̀ jì í. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, nítorí agogo ni a fi ń jí, agogo ni a fi ń jẹun, agogo náà ni a sì fi ń kàwé.

A bí Trollope ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, ọdún 1815. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀. Ó mọ̀wé, kì í sì í fi iṣẹ́ ṣeré, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a máa tètè ru, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń gbé ẹjọ́ wá fún un fi sá fún un. Nígbà tí iṣẹ́ yìí ń yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ gba ilẹ̀ oko ní ìtòsí Harrow, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ìyókù owó rẹ̀ sì bá ilẹ̀ náà lọ.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́lá ni ilé-ẹ̀kọ́ Harrow, ṣùgbọ́n wọn a máa gba ọmọ àdúgbò díẹ̀ tí ń ti ilé wá. Ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí ni Anthony. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ láti oko bàbá rẹ̀. Bí ó bá fi máa dé, ẹrẹ̀ ti bo bàtà àti ṣòkòtò rẹ̀, àwọn ọmọ ọlọ́lá kò sì jẹ́ bá a da nǹkan pọ̀. Wọ́n tún mú un lọ sí Winchester, níbi tí Thomas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń fi ọ̀pá nà án lójoojúmọ́ ní orúkọ ìtọ́sọ́nà. Nígbà tí kò sí ẹni tí ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́, a kìlọ̀ fún àwọn oníṣòwò ìlú pé kí wọ́n má ṣe tà á ní àwìn mọ́, gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbọ́. Ẹni tí ó bá ti jẹ́ ọmọ tálákà láàrin àwọn ọmọ olówó rí yóò mọ bí irú èyí ti ń dun ni tó.

Níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti bá a ṣeré, ó wá eré tí ènìyàn lè dá ṣe: ó ń hun ìtàn nínú ọkàn ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni akọni ìtàn náà, ṣùgbọ́n ó fi òfin lélẹ̀ pé ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ ní ayé kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ di ọba, kò sì gbọdọ̀ ga ju bí ó ti ga lọ. Ìtàn kan ṣoṣo lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó lè gbà á ní oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ó lè kọjá ọdún kan. Kí olùkàwé jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Ìyá rẹ̀, Frances Trollope, ni òpó tí ó gbé ilé náà ró. Ní ọdún 1827 ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì dá ilé ọjà kan sílẹ̀ ní ìlú Cincinnati. Ọjà kò tà, gbèsè ni ó bí. Nígbà tí ó padà dé, ó jókòó, ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nípa ìwà àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìwé náà jáde ní ọdún 1832; ó tà wàràwàrà, ó sì bí àwọn ará Amẹ́ríkà nínú púpọ̀. Ẹni ọdún 53 ni obìnrin yìí nígbà náà, kò sì tí ì tẹ ìwé kankan jáde rí.

Ṣùgbọ́n ìwé kan kò lè san gbèsè ọkọ rẹ̀. Ní ọdún 1834, Anthony fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láìmọ ìdí rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni ó ti gbọ́ pé bàbá òun ń sá lọ sí ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù kí àwọn olówó má ba à fi í sí ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ọmọ náà padà délé, àwọn ìránṣẹ́ ilé ẹjọ́ ti gbẹ́sẹ̀ lé ohun gbogbo, àwọn àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ aládùúgbò sì ń yọ́ gba ihò ọgbà kọjá, wọ́n ń kó àwo, ife àti ìwé ìyá wọn pamọ́ sí ilé kejì.

Ní ìlú Bruges, níbi tí ìdílé náà sá sí, ikọ́ ẹ̀gbẹ mú Henry ẹ̀gbọ́n Anthony. Bàbá wọn náà dùbúlẹ̀. Emily àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ìyá yìí ń tọ́jú aláìsàn lọ́sàn-án àti lóru, ìgo oògùn àti ìgo tàdáwà sì wà nínú yàrá kan náà, nítorí ìwé tí ó ń kọ ni gbogbo wọn fi ń jẹun. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni í jí láti kọ ọ́. Ìwé apanilẹ́rìn-ín sì ni púpọ̀ nínú wọn. Henry kú ní ọdún 1834, bàbá kú ní 1835, Emily kú ní 1836. Kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ tó kú ní ọdún 1863, ìdìpọ̀ ìwé tí ó ti kọ ju 100 lọ. Ẹni tí ó bá ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí Anthony ti kọ́ àṣà jíjí kọ̀wé kí ilẹ̀ tó mọ́, kò yẹ kí ó wá a lọ jìnnà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1834 ni Anthony wọ iṣẹ́ akọ̀wé ní Olú Ilé Ìfìwéránṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, fún £90 lọ́dún. Ìdánwò tí wọ́n fún un yóò pa ẹnikẹ́ni tí ó ti jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò rí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó ṣe àdàkọ ìlà díẹ̀ láti inú ìwé ìròyìn The Times pẹ̀lú ògbólógbòó gègé kan. Tàdáwà kán sílẹ̀, àṣìkọ sì pọ̀. Wọ́n bi í bóyá ó mọ ìṣirò; ó ní òun mọ díẹ̀. Wọ́n ní kí ó lọ sílé, kí ó fi ọwọ́ tí ó dára kọ nǹkan wá lọ́la, kí ó sì múra de ìṣirò. Ó lọ, ó ṣe àdàkọ tí ó mọ́ féfé láti inú ìwé ìtàn Gibbon. Nígbà tí ó padà dé, ẹnikẹ́ni kò wo ohun tí ó kọ, kò sì sí ẹni tí ó dárúkọ ìṣirò mọ́. Wọ́n fi àga hàn án, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọdún méje ni ó fi jẹ́ akọ̀wé tí ọ̀gá rẹ̀ kò rí ohun rere sọ nípa rẹ̀. Ó ń pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́, ó sì jẹ gbèsè. £12 tí ó jẹ aránṣọ kan bọ́ sí ọwọ́ olówó èlé. £4 péré ni olówó èlé náà tún fi kún un fún un, ṣùgbọ́n èlé gun orí èlé títí ohun tí ó san fi lé ní £200. Ọkùnrin náà a máa wá dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, a sì máa rọra sọ fún un létí pé kí ó má ṣe yẹ àdéhùn.

Ní ọdún 1841 àyè kan ṣí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ireland, irú èyí tí ẹni tí ó bá ní ibi gidi láti lọ kì í bèèrè. Trollope bèèrè rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì fi tayọ̀tayọ̀ jẹ́ kí ó lọ. Ní ìlú Banagher ni ẹni tí wọ́n ti pè ní aláìwúlò ti di òṣìṣẹ́ pàtàkì. Ó fẹ́ Rose Heseltine ní ọdún 1844. Ó kọ́ bí a ti ń gun ẹṣin dọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó sì fẹ́ràn eré náà títí ó fi darúgbó. Láti ọdún 1851, nígbà tí wọ́n pè é padà fún iṣẹ́ kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gun ẹṣin kiri ìgbèríko láti wá bí lẹ́tà yóò ti dé ẹnu ọ̀nà àwọn ará oko. Òun náà ni ó dá a ní àbá, lẹ́yìn ohun tí ó ti rí ní ilẹ̀ Faransé, pé kí a ri àpótí lẹ́tà mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà ní àwọn erékùṣù Jersey àti Guernsey. Ti Jersey bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1852. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ka ìwé rẹ̀ rí ni ó ti jàǹfààní àbá yìí.

Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1847, kò sì tà. Ẹ̀dà 375 ni wọ́n tẹ̀ nínú ìwé kejì. 140 ni wọ́n rí tà. Ní ọdún 1852, bí ó ti ń rìn ní ìrọ̀lẹ́ kan ní àyíká Kàtídírà ìlú Salisbury, èrò ìtàn kan sọ sí i lọ́kàn. Ó di ìwé The Warden, tí ó jáde ní ọdún 1855. Àlùfáà arúgbó kan, Septimus Harding, ni alábòójútó ilé kan tí olóore ayé àtijọ́ dá sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin arúgbó 12 tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Owó ogún ilé náà ti di púpọ̀; £800 ni ó ń kan Harding lọ́dún, kí àwọn arúgbó tó gba ìwọ̀nba díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde láti bá a jà nítorí ẹ̀tọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì fẹ́ràn ọmọbìnrin Harding. Ìwé ìròyìn ńlá kan gba ọ̀rọ̀ náà, ó sọ àlùfáà onírẹ̀lẹ̀ yìí di olè lójú gbogbo ayé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí ó dúró, wọ́n ní òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi, ó sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Àwọn arúgbó tí wọ́n ti ṣèlérí ọrọ̀ fún kò rí nǹkan kan gbà; wọ́n pàdánù ọ̀rẹ́ wọn, ilé náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó.

Mo sọ ìtàn yìí díẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni agbára Trollope hàn. Kò sí ìkà nínú ìwé náà. Ẹni tí ń wá àtúnṣe kò purọ́, ẹni tí wọ́n ń bá jà kò jalè, síbẹ̀ ohun búburú ṣẹlẹ̀. Dickens ì bá fún wa ní ẹnì kan tí a ó kórìíra. Trollope kò fún wa. £9 8s. 8d. ni owó tí ó kọ́kọ́ gbà lórí ìwé yìí.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ìwé mẹ́fà ni ó kọ nípa àgbègbè Barset, tí a kò lè rí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan, Bíṣọ́ọ̀bù, àlùfáà, ọlọ́lá àti dókítà ibẹ̀ sì ń ti inú ìwé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń dàgbà bí àwa náà ti ń dàgbà. Ní ọdún 1860, ìwé ìròyìn Cornhill tí Thackeray jẹ́ olótùú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Framley Parsonage jáde ní apá-apá, Trollope sì gba £1,000. Nígbà tí ó fi máa kọ Can You Forgive Her?, iye náà ti di £3,525. Nínú The Last Chronicle of Barset, tí ó parí jáde ní ọdún 1867, ni Josiah Crawley wà, àlùfáà tálákà tí ó mọ èdè Gíríkì ju Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn pé ó jí ìwé owó £20, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì lè rántí bí ó ti dé ọwọ́ òun. Ìgbéraga ọkùnrin náà pọ̀ bí òṣì rẹ̀ ti pọ̀. Lójú tèmi, bàbá Trollope ni mo rí níbẹ̀, olóye ènìyàn tí ohun gbogbo ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàánú òun.

Ìwé yìí kan náà ni ó ti pa ìyàwó Bíṣọ́ọ̀bù, Ìyá Proudie, obìnrin tí ń ṣe àkóso ìjọ ní ipò ọkọ rẹ̀. Trollope ń kọ̀wé lọ́wọ́ ní ilé ẹgbẹ́ Athenaeum nígbà tí ó gbọ́ tí àwọn àlùfáà méjì ń ráhùn pé obìnrin náà ti sú àwọn. Ó dìde, ó sọ fún wọn pé òun ni òun kọ ọ́, àti pé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí òun yóò pa á. Ó sì pa á. Lẹ́yìn náà ó kábàámọ̀, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀.

Báwo ni òṣìṣẹ́ Ọba tí ń rin ìrìn-àjò lójoojúmọ́ ti ń rí àyè kọ gbogbo èyí? Olùtọ́jú ẹṣin rẹ̀, àgbàlagbà kan, ń gba £5 lé lórí owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún láti máa jí i, kí ó sì gbé kọfí wá. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, Trollope ti jókòó. Ààbọ̀ wákàtí ni ó fi ń ka iṣẹ́ àná kí ó lè gbọ́ bí ó ti ń dún létí. Lẹ́yìn náà a gbé aago síwájú, a sì kọ ọ̀rọ̀ 250 ní ìdámẹ́rin wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn mìíràn tó jẹun òwúrọ̀, iṣẹ́ ìwé ti parí fún ọjọ́ náà. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ tí ó fi ń ka iye ojú-ìwé tí ó kọ lóòjọ́, bí ó bá sì ṣe ìmẹ́lẹ́, àyè òfo náà yóò máa wò ó lójú. Púpọ̀ nínú Barchester Towers, inú ọkọ̀ ojú irin ni ó ti kọ ọ́, lórí pátákó tí ó gbé lé itan. Nígbà tí ó ń lọ sí Íjíbítì nítorí ọ̀ràn lẹ́tà ní ọdún 1858, ìjì ń da ọkọ̀ náà rú. Yóò sá kúrò nídìí tábìlì lọ bì, yóò sì padà wá máa bá Doctor Thorne lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi kò lè fò. Ilé Ìfìwéránṣẹ́ tún rán an lọ sí àwọn erékùṣù West Indies, ìwé tí ó kọ nípa ìrìn-àjò náà sì jáde ní ọdún 1859. Nínú rẹ̀ ó kẹ́gàn àwọn aláwọ̀ dúdú Jàmáíkà pé ọ̀lẹ ni wọ́n, pé bí wọ́n bá ti ní ilẹ̀ kékeré láti fi jẹun, wọn kò fẹ́ ṣiṣẹ́ oko ìrèké fún olóko mọ́. Kò tí ì pé ọdún 25 tí wọ́n ti tú wọn sílẹ̀ kúrò nínú oko ẹrú nígbà náà. Ó dé Kúbà pẹ̀lú, níbi tí òwò ẹrú kò tí ì parí, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá sì wà láàrin àwọn tí ń gé ìrèké. Ọkùnrin tí ó fi ojú àánú wo àlùfáà Harding àti àlùfáà Crawley kò rí i pé ẹni tí a ti fi ipá mú ṣiṣẹ́ láìgba owó ní ìdí láti kọ̀. Aago tí ó fi ń wọn ara rẹ̀ ni ó gbé síwájú àwọn ẹlòmíràn. Èyí kò pa àwọn ìwé rẹ̀ tí ó dára run, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa kà wọ́n láìmọ̀ ọ́n.

Ó fi iṣẹ́ Ilé Ìfìwéránṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1867. Ní ọdún 1868 ó fẹ́ wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láti ìlú Beverley. Òun ni ó gbẹ́yìn nínú ìbò, rìbá sì pọ̀ nínú ìbò náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gba ẹ̀tọ́ ìlú náà láti yan aṣojú lọ́wọ́ rẹ̀. The Way We Live Now, tí ó sọ nípa ayédèrú olówó kan tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń wólẹ̀ fún, jáde ní ọdún 1875. Àwọn tí ń yẹ ìwé wò nígbà náà kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lónìí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí èyí tí ó ga jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1882, bí wọ́n ti ń ka ìwé ẹ̀fẹ̀ kan sókè tí ó sì ń rẹ́rìn-ín, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá.

Ó ti kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní ọdún 1875 àti 1876, ó sì fi lé Henry ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ̀ lẹ́yìn ikú òun. Ó jáde ní ọdún 1883. Ibẹ̀ ni aago wà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 250 wà, ibẹ̀ náà sì ni ó ti to owó tí ó gbà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìsọ̀rí títí dé orí pẹ́nì: £68,939 17s. 5d. lápapọ̀. Ó ní kò sí ìyàtọ̀ láàrin òǹkọ̀wé àti aránbàtà. Aránbàtà kì í jókòó de ìmísí kí ó tó rán bàtà. Ọ̀rọ̀ yìí bà á jẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé ìgbà náà ń fẹ́ kí a ka iṣẹ́ ìwé sí ohun mímọ́, bàbá yìí sì ń fi wé awọ àti ìdà. Ohun tí ó bọ́ sí ẹnu ayé ni pé ẹ̀rọ ni, kì í ṣe òǹkọ̀wé.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ìwé yẹn. Owó tí àwọn atẹ̀wé ń san fún un ti ń dín kù kí ó tó kú, nítorí pé ìwé rẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí ọjà lè gbà lọ. Àléébù sì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Òmíràn nínú àwọn 47 náà dàbí omi tí a bù lé ọbẹ̀. Ó tún máa ń dá ìtàn dúró láti bá olùkàwé sọ̀rọ̀ pé ìtàn lásán ni. Nínú Barchester Towers ó ti sọ fún wa ní kùtùkùtù ẹni tí Eleanor kò ní í fẹ́. Henry James bá a wí gidigidi nítorí àṣà yìí ní ọdún 1884, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti yìn ín lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ti èmi, àṣà náà kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohùn àgbàlagbà tí ń pàlọ́ ni mo gbọ́ níbẹ̀.

Ní ti aago, mo rò pé àwọn tí ń fi í ṣẹ̀sín kò ka ìwé náà parí. Ìwé kan náà ni ó ti sọ ti ọmọdékùnrin Harrow tí ń hun ìtàn lọ́kàn lójú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ó ní bí kò bá sí àṣà yẹn, bóyá òun kì bá tí kọ ìwé ìtàn rárá. Ó ní òun ń gbé pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú ìwé òun, òun mọ ohùn wọn, òun mọ aṣọ tí wọn yóò wọ̀. Gègé ni aago ń ṣọ́. Kò sí aago tí ó ń ṣọ́ ìrònú. Ẹni tí ó bá ti fi ọjọ́ gbogbo rò ó lórí ẹṣin kò ní í wá ọ̀rọ̀ tì ní aago márùn-ún ààbọ̀.

Orúkọ rẹ̀ kò sùn títí láé. Michael Sadleir tẹ ìwé kan jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 1927 tí ó mú àwọn ọ̀mọ̀wé tún un wò. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá àwọn ìwé Barset kiri fún ìtùnú. BBC ṣe eré lórí wọn ní ọdún 1982, a dá ẹgbẹ́ Trollope Society sílẹ̀ ní ọdún 1987, a sì fi òkúta ìrántí rẹ̀ sí Westminster Abbey ní ọdún 1993, lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 110 tí ó ti kú.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀ràn The Duke's Children. Wọ́n ti máa ń sọ pé Trollope kì í tún iṣẹ́ rẹ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwé yìí tó jáde, ó ti jókòó tì í ní ọdún 1878, ó sì gé nǹkan bí ọ̀rọ̀ 65,000 kúrò nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó yọ orí kan lódindi. Gbólóhùn kan níhìn-ín, ọ̀rọ̀ méjì lọ́hùn-ún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọ̀mọ̀wé fi sùúrù kó àwọn ọ̀rọ̀ náà padà sí àyè wọn, ìwé náà sì jáde ní kíkún fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún 2015. Ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, ìlà tí ó fi gègé fà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó gé kúrò sì wà lára rẹ̀.